Bíréèkì iwájú ń há fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 (Vespa PX onídíìsìkì)

Asàré_Pẹ̀lẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi ni mo ṣe gbé e wá. Sùkútà Vespa PX ni mo ń gùn, èyí tó ní díìsìkì níwájú tí ọ́ìlì ń ti bíréèkì rẹ̀. Ó ti wà nílẹ̀ bí ọdún mẹ́ta kí n tó rà á. Tí mo bá ṣáná sí i láàárọ̀, kò sí wàhálà, táyà iwájú ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti tó ìṣẹ́jú 15 sí 20 lójú ọ̀nà, ọwọ́ bíréèkì á bẹ̀rẹ̀ sí í le. Àyè kékeré tó máa ń mì kó tó mú á parẹ́, ẹ̀rọ á wá máa wúwo bíi pé ẹnìkan dì í mú látẹ̀yìn.

Lánàá ó há pátápátá. Mo ta omi díẹ̀ sórí díìsìkì, ó dún ṣàà, ó di èéfín. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bí ààbọ̀ wákàtí. Nígbà tó tutù, ó tú fúnra rẹ̀, mo rọra gùn ún délé.

Ohun tí mo ti ṣe: mo ti pààrọ̀ páàdì, mo ti fọ ara káálípà (ilé irin tó gbá díìsìkì mú, tí písítìn àti páàdì wà nínú rẹ̀), mo sì ti rọ ọ́ìlì kún agolo orí hándù dé ẹnu. Kí ló kù?

Kánmọ́kánmọ́:
Káálípà ti kú nìyẹn. Ra odidi tuntun, dè é mọ́ ọn, kó o máa lọ. Èmi ò ní agbára àtúnṣe ohun tó ti gbó.

Bàbá_Sípáná:
Àbúrò, má tíì náwó. Kánmọ́kánmọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí àrùn wà ká tó gé ẹsẹ̀.

Ohun tí o sọ pé ó ń dára tó bá tutù, tó ń há tó bá gbóná, ìyẹn gan-an ló já ọ̀rọ̀ náà sí gbangba. Ọ́ìlì ń wọlé sí káálípà, kò rí ọ̀nà padà. Bí o ṣe ń tẹ bíréèkì, díìsìkì ń gbóná, ọ́ìlì inú káálípà náà ń gbóná, ọ́ìlì tó bá sì gbóná a máa fẹ̀. Tí ọ̀nà bá ṣí, èyí tó fẹ̀ yẹn á gòkè padà sínú agolo. Tí ọ̀nà bá dí, kò síbi tó máa lọ ju kó ti písítìn jáde. Písítìn á ti páàdì, páàdì á fún díìsìkì mọ́ra, díìsìkì á tún gbóná sí i. Á máa bọ́ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí táyà ò fi ní yí mọ́.

Ẹni mẹ́ta la fura sí: máásítà sílíńdà tó wà lórí hándù tó ń ti ọ́ìlì, họ́ọ̀sì tó ń gbé ọ́ìlì lọ sísàlẹ̀, àti káálípà. Bó o ṣe máa mọ èyí tó jẹ̀bi nìyí. Mú sípáná tó bá nípù orí káálípà (ìdè kékeré oníhò tí wọ́n ń tú kí ọ́ìlì lè jáde) mu dání, pẹ̀lú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ike kékeré kan àti ìbọ̀wọ́. Gùn ún títí á fi há. Má jẹ́ kó tutù o, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi í ṣe. Gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, fọwọ́ yí i wò kó dá ọ lójú pé ó há. Ki rọ́bà bọ nípù lẹ́nu, fi ẹnu kejì sínú ike, kó o wá tú nípù díẹ̀, kò ju ìdá mẹ́rin ìyípo lọ.

Tí ọ́ìlì bá fọ́n fìrì, tí táyà sì yí lójú ẹsẹ̀, agbára ọ́ìlì ló dì í mú, káálípà kò ṣẹ̀. Àmọ́ tí nípù bá ti ṣí tí táyà ṣì há síbẹ̀, irin ló há mọ́ irin: písítìn ti dípẹtà, tàbí páàdì kò rí àyè rìn padà. Dé nípù kó o tó jẹ́ kí ọwọ́ bíréèkì rìn, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á fa afẹ́fẹ́.

Ìyá_Lambretta:
Ẹ jẹ́ kí n fi kiní kan kún un. Ó ní òun rọ ọ́ìlì "dé ẹnu". Ìyẹn nìkan lè há bíréèkì. Ilà wà lára agolo yẹn, àyè tó wà lókè ilà ni ọ́ìlì máa ń lò tó bá fẹ̀. Ẹni tó bá fi páàdì tuntun sí i tún burú, torí páàdì tó nípọn ti písítìn padà sẹ́yìn, ọ́ìlì tó wà lẹ́yìn písítìn sì ti gòkè. Fi síríǹjì fà á dé ilà kó o tó ṣe ohunkóhun.

Èmi ò mọ wàhálà ọ́ìlì tẹ́lẹ̀ o. TV 175 tèmi, okùn irin ló ń fa díìsìkì rẹ̀. Láti 1962 ni Lambretta ti fi díìsìkì síwájú sùkútà yẹn, tó bá há, okùn ló há, mo máa fi gírísì sí i, ó parí. Ọjọ́ tí mo ra PX mọ́ ọn ni ojú mi là.

Asàré_Pẹ̀lẹ́:
Ẹ ṣé, Mà. Mo ti fa ọ́ìlì dé ilà. Ó ṣì há, àmọ́ ó pẹ́ díẹ̀ sí i, ó tó ìṣẹ́jú 30.

Mo ṣẹ̀ sí Bàbá_Sípáná ṣá. Mi ò ṣe ìdánwò nípù. Mo tú káálípà pátápátá lọ́jọ́ Sátidé torí ọ̀rọ̀ Kánmọ́kánmọ́ ń dún létí mi. Mo tẹ ọwọ́ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ kí ọ́ìlì fi ti písítìn méjèèjì jáde, mo fi pákó kékeré sí àárín kí ọ̀kan má baà bọ́ sílẹ̀ kí èkejì tó yọ. Písítìn mọ́, wọn ò ní ihò ìpẹtà. Ìdọ̀tí funfun kan ló wà nínú ojú ọ̀nà tí róbà jókòó sí, mo fi igi ìtayín ha á kúrò. Mo fi róbà tuntun sí i, mo bílíìdì rẹ̀ dáadáa (mo lé afẹ́fẹ́ inú ọ́ìlì jáde).

Ó há ní ọjọ́ Àìkú. Ibi kan náà.

Bàbá_Sípáná:
Ó kéré tán, káálípà rẹ ti mọ́. Iṣẹ́ yẹn ò ṣòfò: róbà onígun mẹ́rin yẹn, kì í ṣe kí ọ́ìlì má jò nìkan ló wà fún. Tí písítìn bá jáde, róbà náà máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Tí o bá tú ọwọ́ bíréèkì, á na ara rẹ̀ padà, á sì fa písítìn sẹ́yìn ní ìwọ̀n bín-ín-tín. Kò sí sípíríǹgì kankan nínú káálípà tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ìdọ̀tí tí o ha kúrò lẹ́yìn róbà máa ń fún un mọ́ra débi pé kò ní lè tẹ̀. Inú mi dùn pé o kò lo sánpépà nínú ibẹ̀. O kò sì fi pẹtiróòlù fọ róbà, àbí?

Ṣe ìdánwò nípù báyìí. Mo bẹ̀ ọ́.

Asàré_Pẹ̀lẹ́:
Rárá sà, ọ́ìlì bíréèkì tuntun ni mo fi pa róbà kí n tó fi wọlé.

Mo ti ṣe ìdánwò náà nírọ̀lẹ́ yìí. Mo gùn ún títí ó fi há, mo tú nípù, ọ́ìlì fọ́n sínú ike, táyà yí bí ẹni pé nǹkan ò ṣe é rí. Nítorí náà kì í ṣe káálípà. Máásítà tàbí họ́ọ̀sì. Báwo ni mo ṣe máa yà wọ́n sọ́tọ̀?

Ẹṣin_Irin:
Ẹ jẹ́ kí n dáhùn èyí, torí họ́ọ̀sì ló jẹ mí níyà. Họ́ọ̀sì lè dára lójú, kó ti bàjẹ́ ní ikùn. Róbà inú rẹ̀ á wú tàbí kí ó ya, ibi tó ya náà á wá dà bí ilẹ̀kùn tó ń ṣí sí ìhà kan ṣoṣo. Nígbà tí o bá tẹ bíréèkì, ọwọ́ rẹ lágbára, ọ́ìlì á ráyè kọjá. Nígbà tó yẹ kó padà, agbára tó ń ti i kéré, ilẹ̀kùn á pa dé.

Tó bá tún há, má fọwọ́ kan nípù. Fi àkísà yí máásítà ká, kó o tú bóòtù oníhò tó so họ́ọ̀sì mọ́ ọn, ní òkè, díẹ̀ péré. Tí táyà bá yí, inú máásítà ni ọ́ìlì há sí. Tí táyà ò bá yí àfi tí o bá tú nípù ìsàlẹ̀, họ́ọ̀sì ni olè náà. Lẹ́yìn rẹ̀ wá bílíìdì rẹ̀, torí afẹ́fẹ́ á ti wọlé. Da omi púpọ̀ sí ibi tí ọ́ìlì bá ta sí, kíá, ọ́ìlì yẹn máa ń jẹ ọ̀dà.

Asàré_Pẹ̀lẹ́:
Mo tú ti òkè. Táyà yí. Máásítà ni!

Kánmọ́kánmọ́:
Ẹ wá rà máásítà nígbà náà. Mo kàn ṣi apá kan mú ni.

Bàbá_Sípáná:
Kánmọ́kánmọ́, ìwọ náà á ra èèyàn tuntun tí ọ̀fun bá ń dun ẹ.

Asàré, ṣí ìdérí agolo orí hándù. Fà lára ọ́ìlì títí wàá fi rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Tí o bá rí ike tàbí páánù pẹlẹbẹ kékeré kan níbẹ̀, yọ ọ́ kúrò. Ihò méjì ló yẹ kó wà. Ọ̀kan tóbi, ojú rí i. Èkejì kéré gan-an, kò tó ìdajì mìlímítà, ọ̀pọ̀ èèyàn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Ihò kékeré yẹn ni ọ̀nà àbọ̀ ọ́ìlì. Nígbà tí ọwọ́ bíréèkì bá sinmi, róbà orí písítìn máásítà máa ń dúró lẹ́yìn rẹ̀ ní ìwọ̀n irun orí, ihò á sì ṣí. Bí o bá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, róbà á kọjá lórí ihò, á dí i, ìgbà yẹn ni agbára máa bẹ̀rẹ̀ sí í wọ họ́ọ̀sì.

Wo ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe. Jẹ́ kí ọ́ìlì bo ihò náà tán, má jẹ́ kó jìn. Wọ awò ojú, bo ọ̀dà. Tẹ ọwọ́ bíréèkì jẹ́jẹ́, díẹ̀ péré. Tí ihò kékeré bá ṣí, wàá rí i tí ọ́ìlì yóò sọ sókè bí ìsun omi ní ìbẹ̀rẹ̀ títẹ̀. Tí kò bá sọ rárá, ihò dí, tàbí róbà ti bò ó mọ́lẹ̀ kó o tó tẹ nǹkan kan. Fi ọ̀rọ̀ kejì yìí sọ́kàn.

Asàré_Pẹ̀lẹ́:
Kò sọ. Ìsàlẹ̀ agolo náà ní nǹkan kan bí àtè, aláwọ̀ ilẹ̀, ó fà. Mi ò rí ihò kékeré kankan àfi ìgbà tí mo nu ún tán tí mo tan iná sí i.

Kánmọ́kánmọ́:
Fi bíìtì tẹ́ẹ́rẹ́ lu ihò náà kó fẹ̀. Kò ní dí mọ́ láé.

Bàbá_Sípáná:
Ẹ má dán an wò! Ẹ̀yin tó ń kà á láìsọ̀rọ̀, ẹ má dán an wò. Ẹnu róbà máa ń kọjá lórí ihò yẹn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, pẹ̀lú agbára lẹ́yìn rẹ̀. Tí ihò bá fẹ̀, tàbí tí etí rẹ̀ bá mú, á máa bù róbà jẹ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kan ẹ máa tẹ bíréèkì, ọwọ́ bíréèkì á wọlé dé hándù, ẹ̀rọ ò ní dúró. Bíréèkì tó há á dá yín dúró, èyí tí kò mú á gbé yín lọ.

Asàré, tú máásítà. Sákílíìpù (òrùka irin kékeré) ló di písítìn mú lábẹ́ róbà ìbò eruku. Fi ọ́ìlì bíréèkì tuntun fọ inú rẹ̀, tàbí sípíríìtì. Fún ihò kékeré, já fọ́nrán kan ṣoṣo láti inú wáyà iná, èyí tó rọ̀, kí ó wọlé láìfi ipá. Fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i láti inú sílíńdà jáde sínú agolo, kì í ṣe láti òkè wá. Wo ara sílíńdà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Tó bá ní ihò ìpẹtà níbi tí róbà ń rìn, ìgbà yẹn ni màá gbà fún Kánmọ́kánmọ́ pé kí o pààrọ̀ rẹ̀.

Ìyá_Lambretta:
Àtè aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn, ọ́ìlì àtijọ́ ni. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Ọdún mẹ́ta nílẹ̀ láìpààrọ̀ ti pọ̀ jù, ọdún méjì ni èmi kì í kọjá. DOT 4 (irú ọ́ìlì bíréèkì kan) tuntun gbọ́dọ̀ fara da ooru dé 230°C ó kéré tán kó tó hó. Tó bá ti mu omi dé ìwọ̀n tí wọ́n fi ń dán an wò, 155°C ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí o sì ka ara ìdérí agolo kó o tó rà á. DOT 3, DOT 4 àti DOT 5.1 jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. DOT 5 tí kò ní ".1" lẹ́yìn, sílíkóònù ni, kì í bá wọn da pọ̀. Ẹni tó ta PX fún mi ti rọ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì túútóòkì sínú agolo bíréèkì! Gbogbo róbà inú rẹ̀ wú bí ẹsẹ̀ tí oyin ta. Nígbà tí mo yọ róbà máásítà, kò lè padà sínú sílíńdà tó ti jáde. Tírú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, fífọ̀ ò tó o, gbogbo róbà pátá àti họ́ọ̀sì ni wàá pààrọ̀.

Asàré_Pẹ̀lẹ́:
DOT 4 ló wà lára ìdérí tèmi, òun náà ni mo rà, ike tuntun tí a kò tíì ṣí. Ara sílíńdà ń dán, kò ní àbàwọ́n. Mo fi róbà tuntun sí písítìn, ihò ti ṣí, mo fi iná wò ó láti ẹ̀yìn, ìmọ́lẹ̀ kọjá.

Bílíìdì yẹn fẹ́ pa mí o. Wákàtí méjì, ọwọ́ bíréèkì ṣì ń rọ̀ bí fóòmù. Ìgbà tí mo fi síríǹjì ti ọ́ìlì láti nípù ìsàlẹ̀ gòkè ni afẹ́fẹ́ tó jáde. Mo tún so ọwọ́ bíréèkì mọ́ hándù pẹ̀lú okùn di àárọ̀, ó le dáadáa.

Mo gùn ún lónìí. Ìṣẹ́jú 40, kò há. Nígbà tó di ìṣẹ́jú 45, mo tún rí i tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ẹkún ló kù.

Bàbá_Sípáná:
Má sunkún. Ìsun omi yẹn, ó sọ báyìí?

Asàré_Pẹ̀lẹ́:
Ó sọ, àmọ́ kò lágbára. Ìgbà mìíràn ó sọ, ìgbà mìíràn kò sọ.

Bàbá_Sípáná:
Ó dáa. Mo ní kó o fi ọ̀rọ̀ kejì sọ́kàn. Ihò ti ṣí, ṣùgbọ́n nǹkan kan ń ti písítìn máásítà tí kò jẹ́ kó sinmi dé ẹ̀yìn. Di orí ọwọ́ bíréèkì mú, mì í. Ṣé ó ń rìn díẹ̀ kí imú rẹ̀ tó kan písítìn, àbí ó ti gbá písítìn mú tẹ́lẹ̀? Ẹ̀wẹ̀, ṣé ọwọ́ bíréèkì tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ nìyẹn?

Asàré_Pẹ̀lẹ́:
Hmm. Ẹ má bínú. Mi ò rò pé ó kan ọ̀rọ̀ yìí ni mi ò ṣe sọ. Ọwọ́ bíréèkì ti àtijọ́ tẹ̀ nígbà kan tí ẹ̀rọ ṣubú, mo bá pààrọ̀ rẹ̀ sí ọ̀kan tó rẹwà, tó ń dán. Kò rìn rárá kó tó kan písítìn.

Ẹṣin_Irin:
😂 Ọ̀rọ̀ ti jáde! A ti tú káálípà, a ti tú máásítà, a ti fẹ́ ra họ́ọ̀sì, ẹwà ló há bíréèkì.

Bàbá_Sípáná:
Ẹ jẹ́ ẹ, ó ń kọ́ṣẹ́ ni. Àwọn méjèèjì ló ń bá a jà: àtè dí ihò, imú ọwọ́ bíréèkì sì ń ti róbà bo ihò ní ìdajì. Ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́ sí i bí o ṣe ń tún un ṣe, tí kò sì tán.

Fi ọwọ́ bíréèkì àtijọ́ padà, bó ṣe tẹ̀ yẹn, fún ìdánwò nìkan. Má gbìyànjú láti nà án o, irin yẹn kì í gba nínà, á kán mọ́ ọ lọ́wọ́. Má sì fi fáìlì bù imú èyí tuntun jẹ, torí tí o bá bù ú jù, àyè òfo á pọ̀, ọwọ́ bíréèkì á dé hándù kó tó mú.

Cosa88:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yọjú díẹ̀. Vespa Cosa ni tèmi, bíréèkì ọlọ́ìlì ni, àmọ́ dúróòmù ló wà níwájú àti lẹ́yìn, kò sí díìsìkì. Tèmi ń há lẹ́yìn nìkan. Ṣé ihò yìí náà ni?

Bàbá_Sípáná:
Cosa jẹ́ ẹranko mìíràn. Ẹsẹ̀ bíréèkì rẹ̀ ń rán ọ́ìlì sí táyà méjèèjì. Ká ní iwájú àti ẹ̀yìn ń há pọ̀ ni, ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ bíréèkì ni mo máa kọ́kọ́ wò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn nìkan ni tìrẹ, nítorí náà lọ sí inú dúróòmù ẹ̀yìn. Wò ó bóyá sípíríǹgì tó ń fa ṣúù (páàdì inú dúróòmù) padà ti rọ̀, bóyá sílíńdà kékeré tó ń ti ṣúù ti dípẹtà, bóyá wọ́n ti fún ṣúù jù. Ìdánwò nípù ṣì wúlò fún ọ. Tí ṣúù inú rẹ̀ bá ti pẹ́, má fi afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku rẹ̀, asbestos, tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, wà nínú ọ̀pọ̀ ṣúù àtijọ́. Omi àti àkísà ni kó o fi nù ún, kó o so àkísà náà sínú ọ̀rá kó o tó jù ú nù.

Asàré_Pẹ̀lẹ́:
Mo fi ọwọ́ bíréèkì àtijọ́ sí i. Mo ṣí agolo, mo tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́: ọ́ìlì sọ sókè débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ síta! Mo gùn ún fún wákàtí kan àti ààbọ̀, mo mọ̀ọ́mọ̀ ń tẹ bíréèkì léraléra. Mo dúró, mo gbé táyà sókè, mo fọwọ́ kan ta á, ó yí ìgbà mẹ́ta kó tó dúró. Páàdì ń kan díìsìkì díẹ̀ ṣùgbọ́n kò fún un.

Mo ti wá èyí tó bá máásítà tèmi mu gan-an, kò rẹwà tó èyí tó ń dán. Ó ń rìn díẹ̀ kó tó kan písítìn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá Bàbá_Sípáná.

Kánmọ́kánmọ́:
Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi?

Ìyá_Lambretta:
O mú kó fọ káálípà, ẹ ṣeun, Kánmọ́kánmọ́.

Asàré, ọ̀dà mọ̀dígáàdì ń kọ́? Ẹṣin_Irin sọ pé kó o da omi sí i.

Asàré_Pẹ̀lẹ́:
Mo da omi sí i, Mà. Lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀dà ti bó ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́.